Mọ́tò Ẹ̀gbọ́n Mi, Ọ̀nà Gbogbo Wa

Ìbéèrè tí wọ́n ní kí a kọ̀wé lé lórí kò gùn: ṣé ẹni tí ó ni nǹkan lẹ́tọ̀ọ́ láti lò ó bí ó bá ṣe wù ú? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi sọ pé ilẹ̀ ni àwọn yóò kọ nípa rẹ̀, nítorí pé ẹjọ́ ilẹ̀ kì í tán l'Ékòó. Èmi kò nílẹ̀, bàbá mi náà kò sì ní. Ohun kan ṣoṣo tó wà nílé wa tí ará àdúgbò máa ń dúró wò ni mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni n ó kọ nípa rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ gbogbo ará ilé mi nínú.

Agége là ń gbé, kò jìnnà sí Oko-Ọba. Mọ́tò náà jẹ́ BMW 325i onílẹ̀kùn méjì tí wọ́n ṣe ní Jámánì ní 1994. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sìlíńdà mẹ́fà, ó jẹ́ lítà méjì àbọ̀, agbára rẹ̀ sì tó agbára ẹṣin 192. Ó fi ọdún mẹ́rìnlá ju èmi tí mò ń kọ̀wé yìí lọ. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan ní Dópẹ̀mú, koríko ti hù yí i ká, eku sì ti jẹ wáyà inú rẹ̀. Bàbá mi bi wọ́n pé ṣé mọ́tò ni wọ́n rà ni àbí ilé eku.

Nílé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe ike ní Ìkẹjà ni ẹ̀gbọ́n mi ń bá wọn ṣiṣẹ́, iṣẹ́ alẹ́ sì ni wọ́n sábà máa ń ṣe. Bí wọ́n bá dé láàárọ̀, wọn yóò sùn títí di ọ̀sán, wọn yóò jí, wọn yóò jẹun, wọn yóò wọ abẹ́ mọ́tò. Ọdún mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Wọn kì í mutí, wọn kì í lọ sóde àríyá. Owó tó bá ṣẹ́ kù lọ́wọ́ wọn, ọjà Ládípọ̀ ní Muṣin ló ń bá a lọ. Èmi ni mo máa ń tan tọ́ọ̀ṣì fún wọn. Abẹ́ mọ́tò yẹn ni mo ti mọ sípánà mẹ́wàá yàtọ̀ sí mẹ́tàlá nínú òkùnkùn, kí n ṣáà ti fọwọ́ kàn án.

Gbogbo ohun tí wọ́n yí padà lára rẹ̀ ló ní ìdí. Wọ́n yọ sípíríǹgì àtijọ́, wọ́n fi èyí tó kúrú sí i, kí mọ́tò má baà máa gbọ̀n sọ́tùn-ún sósì bó bá ń yí kọ́nà. Wọ́n fi àwo bíréèkì tó fẹ̀ jù ti tẹ́lẹ̀ sí iwájú. Wọ́n tú ìjókòó ẹ̀yìn dànù, nítorí pé mọ́tò tó bá fúyẹ́ máa ń tètè sáré, ó sì máa ń tètè dúró. Wọ́n kùn ún ní funfun, wọ́n sì lọ yí àwọ̀ rẹ̀ padà nínú ìwé ọkọ̀, nítorí pé ẹ̀gbọ́n mi kì í fi òfin ṣeré nínú ohun tó bá ti jẹ mọ́ ìwé. Mo sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ ìta ni mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ilé wa bá mọ ohun tí à ń pè ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ohun kan wà tí n kò fara mọ́. Wọ́n yọ sàlẹ́ńsà. Wọ́n ní ẹ́ńjìnnì yóò mí dáadáa. Ó mí lóòótọ́, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ èémí rẹ̀. Ìyá àgbà kan wà nílé kejì sí wa tí wọn kì í rí oorun sùn lóru, tó jẹ́ ìdájí ni oorun máa ń gbé wọn. Ìdájí náà ni ẹ̀gbọ́n mi máa ń ti ibi iṣẹ́ dé. Mọ́tò wà nínú ọgbà tiwa, owó tiwa la fi rà á, ṣùgbọ́n ìró rẹ̀ kì í dúró nínú ọgbà wa. Ó ń gba ojú fèrèsé wọlé onílé. Nígbà yẹn n kò ka ọ̀rọ̀ náà sí ohun tó tó kọ̀wé lé lórí. Mo rò pé ariwo lásán ni.

Kí n tó dé ibi tí mò ń lọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ti bàbá mi, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni mo ti kọ́ apá tó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé-iṣẹ́ táyà Dunlop tó wà ní òpópónà Ọba Akran ní Ìkẹjà ni wọ́n ti ṣiṣẹ́, títí di 2008 tí ilé-iṣẹ́ náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Ọdún yẹn ni wọ́n bí mi. Bàbá mi máa ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ pé bí táyà ṣe ń jáde ni mo wọlé. Títí dòní, bí wọ́n bá rí mọ́tò, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. Wọ́n kọ́ mi láti ka nọ́ńbà mẹ́rin tó máa ń wà lára táyà: méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì tó tẹ̀lé e ni ọdún. Bí ẹ bá rí 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún nínú ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó máa ń kìlọ̀ pé táyà tó bá ti ju ọdún mẹ́rin lọ, kí a yọ ọ́, bí eyín rẹ̀ ṣì jin dáadáa náà, nítorí pé rọ́bà máa ń gan bó bá ti dàgbà. Táyà tòkunbọ̀ tó kún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa, ẹ lọ ka nọ́ńbà ara wọn, ẹ óò rí i pé òmíràn ti tó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama.

Bàbá mi tún máa ń sọ nǹkan kan tí kì í kúrò lọ́kàn mi. Wọ́n ní ibi tí táyà kọ̀ọ̀kan ti fara kan ilẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà lọ. Àtẹ́lẹwọ́ mẹ́rin péré ló gbé gbogbo irin yẹn, òun àti ẹni tó jókòó sínú rẹ̀.

Ó di Ọjọ́ Àìkú kan. Aago mẹ́fà ìdájí kò tíì lù, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ́. Mo sọ fún Màmá mi pé mo fẹ́ tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi lọ ra epo. Kì í ṣe irọ́ pátápátá, a ra epo lóòótọ́. Lẹ́yìn tí a rà á tán ni a yà sí òpópónà Ọba Akran. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ yóò mọ̀ pé ọ̀nà náà fẹ̀, ilé-iṣẹ́ ló wà ní ọ̀tún àti òsì rẹ̀, àti pé ní Ọjọ́ Àìkú ó máa ń dá bí ìgbà tí ìlú ṣí lọ. Kò sí ẹni tí a fẹ́ bá du eré. Ẹ̀gbọ́n mi kàn fẹ́ mọ bí bíréèkì tuntun yóò ṣe mú ni. Wọ́n ní kí n fi fóònù ya fídíò ibi tí ọwọ́ tó ń sọ iyára mọ́tò bá dé.

Mo yà á. Ohùn mi wà nínú fídíò náà ketekete. "Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bọ̀dá mi! Ẹ tẹ̀ ẹ́!" Bí mo ṣe ń pariwo bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ náà kọjá 100.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́bàá ọ̀nà. Yóò tó ẹgbẹ́ mi. Ó ru búrẹ́dì sórí, ìyẹn búrẹ́dì Agége tó gbóná tí wọ́n ń gbé jáde ní ìdájí, ó sì fẹ́ sọdá sí òdìkejì. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó wo ọ̀nà kó tó ju ẹsẹ̀ sílẹ̀. Mo rí i tó wò ó. Ó rí wa lọ́ọ̀ọ́kán, ó ṣírò bí mọ́tò ṣe máa ń sáré ní òpópónà yẹn, ìṣirò rẹ̀ sì tọ̀nà fún gbogbo mọ́tò àfi tiwa. Nígbà tó dé àárín ló tó mọ̀. Ó ju àtẹ búrẹ́dì sílẹ̀, ó sá padà, ó ṣubú. Ẹ̀gbọ́n mi tẹ bíréèkì, ìdí mọ́tò gbá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi ẹ̀yìn họ kọnkéré tó pín ọ̀nà sí méjì, a sì dúró. Kò sí ẹni tó fara pa ju orúnkún ọmọ náà tó bó lọ. Búrẹ́dì fọ́n káàkiri ojú títì.

Ẹ̀gbọ́n mi sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n. Wọ́n kó gbogbo owó tó wà lápò wọn jáde, wọ́n nà án sí i. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ gbà á. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí mi ni?"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Mo rí ẹ. Mo rò pé wàá dúró ni."

Ó wò wọ́n títí. Ó ní, "Ẹ rò pé màá dúró." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó ka àwọn búrẹ́dì tó ti fọ́ tàbí tó ti kó sínú omi gọ́tà, ó ní mẹ́tàlá ni. Ó gba owó mẹ́tàlá, ó dá ìyókù padà, ó ní àwọn tó kù ṣì ṣeé tà. Ó gbé àtẹ rẹ̀ rù, ó ń tiro lọ.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yí gbólóhùn yẹn wò lọ́kàn mi: mo rò pé wàá dúró. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ ọ́ láti fi gbèjà ara wọn. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ó sì dá mi lójú pé inú rẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè tí wọ́n fún wa wà. Ẹni tó ń lo ohun tirẹ̀ lọ́nà tí ẹlòmíràn fi ní láti dúró, tàbí kó sá, tàbí kó bẹ́ sí gọ́tà, ti fi ẹlòmíràn kún ohun ìní rẹ̀ láìsan kọ́bọ̀. A gba ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ yẹn, a gba ẹsẹ̀ rẹ̀, a sì gba èrò ọkàn rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí pé a ti bá a pinnu ohun tí yóò ṣe kó tó mọ̀ pé a ń bọ̀. Mọ́tò nìkan ni ẹ̀gbọ́n mi rà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ó díẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ má bínú bí n kò bá ṣe é dórí. Mọ́tò tó ń sá eré 50 kìlómítà ní wákàtí kan, bí títì bá gbẹ tí táyà sì dára, yóò nílò nǹkan bí mítà 14 kó tó dúró láti ìgbà tí bíréèkì bá ti mú. Ẹ ṣe eré náà ní ìlọ́po méjì, kó di 100: kì í ṣe mítà 28 ni yóò nílò, 56 ni. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára tí bíréèkì ní láti pa di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹ wá fi ìṣẹ́jú àáyá kan kún un, èyí tí ojú fi ń rí nǹkan tí ẹsẹ̀ fi ń gbọ́: mọ́tò náà ti lọ mítà 28 mìíràn láìtíì dín eré kù rárá. Gbogbo rẹ̀ di mítà 84. Ẹni tó bá ti jókòó wo bọ́ọ̀lù ní pápá ìṣeré Agége, kó fojú inú wo igi góòlù kan sí èkejì. Díẹ̀ ló kù kó tó bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa ní kí mọ́tò aládàáni má kọjá 50 láàárín ìlú, kó má sì kọjá 100 ní òpópónà márosẹ̀. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ẹnì kan ló jókòó sí ọ́fíìsì tó kàn dá nọ́ńbà yẹn sọ. Ẹni tó ń ru búrẹ́dì sọdá ni nọ́ńbà náà wà fún. Òun ló ń jẹ́ kí ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà.

Àwọn kan yóò sọ pé kí n má fi gígùn pa yín, pé mọ́tò eré sísá fúnra rẹ̀ ni àṣìṣe, pé owó tí ẹ̀gbọ́n mi ná lé e lórí ìbá ti sọ ọmọ méjì di ẹni tó kàwé. Màmá mi wà lára wọn. N kò gbà. Àwa tí à ń ra aṣọ ẹbí ní gbogbo oṣù, tí à ń ná owó sára akọrin lóde, kò yẹ kí á jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò bá ẹlòmíràn jà nítorí ohun tó wù ú. Ẹni tó fi òógùn rẹ̀ rí owó, tó sì ti san ojúṣe rẹ̀ nílé, ẹ̀gbọ́n mi sì máa ń san tiwọn, lè fi ìyókù ra ẹṣin, kó ra kọ̀ǹpútà, kó ra BMW tó ti hu koríko. Àtijí ohun tó ti kú tún jẹ́ iṣẹ́ tó yẹ ní yíyìn. Bí wọ́n bá ní kí ẹ̀gbọ́n mi ta mọ́tò náà, èmi ni n ó kọ́kọ́ sunkún.

Ìdí nìyẹn tí ibi tí à ń sá eré fi jẹ mí lógún ju eré fúnra rẹ̀ lọ. Àwọn tó ṣáájú wa l'Ékòó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní 1859, láyé Ọba Dòsùnmú, a fi ilẹ̀ kan sílẹ̀ ní Erékùṣù Èkó fún eré ẹṣin. Wọ́n mọ̀ pé ẹṣin tó ń fò kò gbọ́dọ̀ gba àárín ọjà kọjá. Rẹ́ẹ̀sì Kọ́ọ̀sì ni a ń pe ibẹ̀; ibẹ̀ ni a ti fa àsíá òmìnira sókè ní 1960, ó sì di Gbàgede Tafawa Balewa ní 1972. Ní Jámánì tí mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi ti wá, wọ́n la ọ̀nà eré kan sínú igbó ní 1927, Nürburgring lorúkọ rẹ̀. Ó gùn ju 20 kìlómítà lọ. Ará ìlú lè sanwó níbẹ̀, kó wa mọ́tò tirẹ̀ wọlé, gbogbo mọ́tò sì ń kọjú sí ọ̀nà kan náà. Ẹni tó bá fi mọ́tò ba irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà jẹ́ yóò san owó rẹ̀. Ní Soweto, ní Gúúsù Áfíríkà, àwọn ọ̀dọ́ a máa fi BMW irú tiwa yìí, èyí tó dàgbà jù ú lọ, pòòyì ní ojú pópó, níbi ìsìnkú àwọn jàǹdùkú, láti ìparí àwọn ọdún 1980 lọ. Àwọn ọlọ́pàá lé wọn títí. Nígbà tó yá, a wá pápá fún wọn, a fi odi sí i, a fún wọn ní akoto, nígbà tó sì di 2014, ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré mọ́tò ní orílẹ̀-èdè náà kà á mọ́ eré ìdárayá. Eré kan náà ni, mọ́tò kan náà ni.

Kò túmọ̀ sí pé pápá ń fọ ẹ̀ṣẹ̀ gbogbo nù. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà, 1955, ní Le Mans, ní ilẹ̀ Faransé, mọ́tò Mercedes tí Pierre Levegh ń wà fò wọ àárín òǹwòran. Ó ju ọgọ́rin ènìyàn tó kú, òun náà sì kú. Switzerland fòfin de irú eré bẹ́ẹ̀ nínú ilẹ̀ tirẹ̀. Àwọn òǹwòran yẹn fúnra wọn ló wá, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé odi tó wà láàárín àwọn àti mọ́tò kéré sí eré tí mọ́tò ń sá. Ẹni tó mọ ewu tó sì gbà á, ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí wọ́n fi ewu pamọ́ fún, ọ̀tọ̀ ni. Oníbúrẹ́dì tiwa kò tilẹ̀ wá wo eré. Ọjà ló ń tà.

Ti ẹni tó ń wa mọ́tò fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ní ọdún tí wọ́n ṣe mọ́tò ẹ̀gbọ́n mi gan-an, ní ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún, 1994, Ayrton Senna ará Brazil kú lórí eré ní Imola, ní Ítálì. Roland Ratzenberger ará Austria ti kú níbẹ̀ ní ọjọ́ tó ṣáájú. Àwọn méjèèjì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. N kò lè pè wọ́n ní ẹlẹ́ṣẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí mo rò pé ẹ̀mí ẹni ni ti ẹni, mo rántí ojú Màmá mi ní alẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi pẹ́ dé láti ibi iṣẹ́, mo sì mọ̀ pé ẹ̀mí wọn kì í ṣe ti àwọn nìkan. Mo ti yí apá yìí lọ, mo ti yí i bọ̀, n kò tíì rí ibi tí mo lè gbé e kalẹ̀ sí.

Mo bá ẹ̀gbọ́n mi sọ gbogbo èyí. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Àdùkẹ́, níbo ni kí n ti sáré? Ṣé kí n ru mọ́tò lọ sí Jámánì ni? Olówó lè fò lọ sí ibi tí pápá wà. Èmi ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Ní Agége, a ní pápá bọ́ọ̀lù, a ò ní pápá mọ́tò, bẹ́ẹ̀ agbègbè wa ni ọ̀dọ́ tó mọ irin ṣe pọ̀ sí, láti Ọ̀gbà dé Ìyánà Ìpájà. Mo gbà pé ẹni tó yẹ kó ṣe ibi ìṣeré fún wọn jẹ wọ́n ní gbèsè. Ṣùgbọ́n kí ló kan ọmọ oníbúrẹ́dì? Kì í ṣe òun ló jẹ gbèsè náà, òun la sì fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún rán ẹ̀gbọ́n mi létí pé àwọn náà máa ń fi ẹsẹ̀ sọdá òpópónà yẹn láàárọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ alẹ́, ojú wọn á ti pọ́n, kúlà oúnjẹ á wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò fèsì. Wọ́n lọ dùbúlẹ̀.

Àwọn àgbà kan ládùúgbò wa máa ń sọ pé Ògún ló ni irin, Ògún ló sì ni ọ̀nà, nítorí náà kí awakọ̀ bọ Ògún kó sì máa sá eré rẹ̀ lọ. Mo rò pé wọ́n gbàgbé apá kan. Irin Ògún kan náà ni ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀ fi ń búra ní kóòtù pé òun kò ní purọ́. Ẹni tó di irin mú ti wà lábẹ́ ìbúra nìyẹn, ì báà ṣe àdá, ì báà ṣe ọwọ́ ìtọ́kọ̀. Kò sì yà mí lẹ́nu pé nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní 1988, Wọlé Ṣóyínká ni wọ́n fi ṣe alága rẹ̀ àkọ́kọ́, ẹni tó ti kọ eré oníṣe nípa ikú ojú ọ̀nà láti 1965, tí gbogbo ayé sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ Ògún kì í tán lẹ́nu rẹ̀.

Ó ku èmi. Àwọn Yorùbá sọ pé ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. N kò fọwọ́ kan ìtọ́kọ̀, n kò sì tẹ nǹkan kan. Mo pariwo ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹ̀gbọ́n mi. Bí mo bá ti sọ pé ẹ̀rù ń bà mí, wọn ìbá rọra. Fídíò náà ṣì wà lórí fóònù mi, ìṣẹ́jú àáyá 38. Ní ibi tó ti ń parí, ohùn mi yí padà kí bíréèkì tó dún, èyí tó fi hàn pé mo rí ọmọ náà kí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣe nǹkan kan. Mo rí i, mo sì ṣì ń ya fídíò.

Sàlẹ́ńsà ti padà sábẹ́ mọ́tò. Ibi tó họ lẹ́yìn ṣì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn kò ní kùn ún. Mo fún wọn ní ìwé yìí kà kí n tó fi ránṣẹ́, nítorí pé bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ jáde, Màmá wa yóò kà á, wọn yóò sì mọ̀ pé kì í ṣe epo nìkan la lọ rà. Ẹ̀gbọ́n mi kà á dé ìparí. Mo rò pé wọ́n á ní kí n yọ orúkọ òpópónà náà kúrò. Wọ́n ní kí n ṣàtúnṣe ibì kan ṣoṣo: pé búrẹ́dì tó bàjẹ́ kì í ṣe mẹ́tàlá. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, tí mo ti wọlé lọ, wọ́n wo abẹ́ mọ́tò, wọ́n sì bá ọ̀kan tó há sí ẹ̀yìn bọ́ńpà iwájú. Mẹ́rìnlá ni. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni wọ́n ti fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí Ọba Akran ní ìdájí láti san owó ẹyọ kan tó kù, wọn kò tíì bá ọmọ náà pàdé.